Orúkọ Kan Náà ni Jòhánù àti Yahaya

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí orúkọ, mo ní orúkọ wo. Wọ́n ní èyí tó bá wù mí, kó ṣáà má jẹ́ orúkọ Yorùbá, torí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti kó gbogbo ìyẹn tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti agbo ilé wa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ní àbúrò ọkùnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn bá àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì lọ nígbà tó wà nílé ìwé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jòhánù lọ́jọ́ tó ṣe ìrìbọmi. Èyí àbúrò dúró ti ẹ̀sìn bàbá wọn, Yahaya sì ni àwọn ààfáà sọ ọ́ láti ọjọ́ ìkómọ. Bí Iléyá bá dé, ọ̀dọ̀ Bàbá Yahaya la ti ń jẹ ẹran. Bó bá di Kérésìmesì, ilé Bàbá Jòhánù la máa ń kóra jọ sí. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kí n tó mọ̀ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Wòlíì kan náà, ọmọ bàbá arúgbó kan náà, ni wọ́n fi sọ wọ́n, tí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé ò sì fura.

Orí orúkọ yẹn ni mo jókòó lé lónìí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé orúkọ òyìnbó ni. Kì í ṣe ti òyìnbó rárá. Ọmọ Hébérù ni, Yohanan sì ni wọ́n ń pè é nílé. Bí wọ́n bá fẹ́ pè é tán pátápátá, Yehohanan ni.

Etí Yorùbá ló yẹ kó tètè gbọ́ orúkọ yìí ju etí Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí gbólóhùn ni. Bí ẹ bá bi ará London pé kí ni John túmọ̀ sí, ó lè wo yín títí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ tó ń jẹ́ Olúwaṣeun léèrè tirẹ̀, á sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀: ta ló ṣe é, kí ló sì ṣe. Bí Yohanan ṣe rí nìyẹn. Yeho, tàbí Yo tí wọ́n gé kúrú, ni orúkọ Ọlọ́run tí Bíbélì wa ń pè ní Jèhófà. Hanan wá ni ọ̀rọ̀-ìṣe: kí ẹni tó wà lókè bojú wo ẹni tó wà nísàlẹ̀, kó ṣe é lóore, láìjẹ́ pé ẹni ìsàlẹ̀ ní ohun kan tó lè fi gbà á. Inú ilé ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ inú Jẹ́nẹ́sísì ti wá, níbi tí wọ́n ti ní Nóà rí ojúrere Olúwa. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí n sọ Yohanan di Yorùbá, Olúwaṣàánú ni màá sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúrere ló wà nínú rẹ̀ ju àánú lọ.

Ẹ sì mọ̀ pé bí a ṣe ní Ọládé tí a tún ní Adéọlá, bẹ́ẹ̀ làwọn Hébérù náà máa ń yí ègé orúkọ síwá sẹ́yìn. Yí Yohanan padà, kí o fi ti Ọlọ́run sẹ́yìn, ó di Hananiah. Hananiah ni Ṣádírákì inú ìwé Dáníẹ́lì ń jẹ́ kí àwọn ará Bábílónì tó yí i lórúkọ padà. Òun náà ni Gíríìkì sọ di Anania. Bẹ́ẹ̀ ni, Anania ọkọ Sáfírà, ẹni tó parọ́ owó ilẹ̀. Orúkọ òun àti ti Jòhánù kò yàtọ̀ ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí Yorùbá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Anania. Hánà ìyá Sámúẹ́lì náà wà nínú agbo yìí, òun kàn gé ti Ọlọ́run kúrò ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Hannibal. Ọmọ ogun Carthage ni, ìlú tó wà ní ibi tí a ń pè ní Tunisia lónìí, òun ló kó erin gun òkè Alps lọ bá àwọn ará Róòmù lọ́dún 218 ṣáájú ìbí Jésù. Èdè ìlú rẹ̀ àti Hébérù, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Hanni ni hanan yẹn náà, Baal sì ni òrìṣà wọn: Báálì ṣojúrere. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fábùnmi, Ògúnbùnmi àti Olúwabùnmi, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe dúró sí àyè rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń sìn nílé ló yí padà. Hannibal àti Jòhánù jẹ́ ara wọn bí Fábùnmi ṣe jẹ́ Olúwabùnmi.

Orúkọ yìí ti gbó kí Jòhánù Onítẹ̀bọmi tó dé. Ẹni tó bá ka Jeremáyà dé orí ogójì á bá Johanani ọmọ Karea pàdé. Jerúsálẹ́mù ti wó nígbà náà, Bábílónì sì fi Gedaláyà ṣe alákòóso àwọn tó kù. Johanani yìí ló yọ́ lọ bá a, tó ní ẹnì kan fẹ́ pa ọ́. Gedaláyà ní irọ́ ni. Wọ́n sì pa á lóòótọ́. Johanani ló wá kó àwọn tó ṣẹ́kù sá lọ sí Íjíbítì, ó sì mú Jeremáyà fúnra rẹ̀ dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wòlíì ní kí wọ́n má lọ.

Ní Íjíbítì yẹn náà, ní erékùṣù Elephantine létí Aswan, àwọn Júù tó jẹ́ ọmọ ogun ní tẹ́ḿpìlì tiwọn níbẹ̀. Wọ́n wó o mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 407 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n kọ lẹ́tà sí gómìnà Jùdíà láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà wọ́n láyè láti tún un kọ́. Lẹ́tà yẹn wà títí dòní, lórí papírọ́ọ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nínú rẹ̀ ni ìráhùn wọn: wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé ṣáájú sí Yehohanan, olórí àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù, kò sì dá àwọn lóhùn. Ẹni tó ń jẹ́ Olúwaṣàánú kọ̀, kò ṣàánú.

Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ náà wá gbòde kan. Ìdílé Matatáyà tó ṣọ̀tẹ̀ sí ọba àwọn Gíríìkì ní nǹkan bí ọdún 167 ṣáájú ìbí Jésù ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni Matatáyà bí: Johanani, Símónì, Júdásì, Eleasárì àti Jónátánì. Bí ẹ bá ti ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí Símónì, Júdásì àti Jòhánù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú Májẹ̀mú Tuntun, tí Lásárù náà tó jẹ́ Eleasárì fi wà níbẹ̀, ẹ má wò ó lọ títí. Àwọn òbí ń fi àwọn akọni sọ ọmọ wọn ni. Ọmọ-ọmọ Matatáyà kan, Yehohanan tí wọ́n tún ń pè ní Hyrcanus, jẹ olórí àlùfáà láti ọdún 134 sí ọdún 104 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì kọ orúkọ yìí sára owó idẹ.

Ti ẹnì kan wà tí kì í ṣe ọba, tí kì í ṣe àlùfáà. Lọ́dún 1968, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣí ibojì kan ní àríwá Jerúsálẹ́mù, wọ́n bá àpótí òkúta tí wọ́n kó egungun sí. Wọ́n ti fi ọwọ́ ha Yehohanan sí i lára. Egungun gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ní ìṣó nínú. Wọ́n ti kàn án mọ́ igi ni, láyé àwọn ará Róòmù, ìṣó sì ti wọ́ débi tí àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí i yọ nígbà tí wọ́n ń sin ín. A ò mọ nǹkan mìíràn nípa ọkùnrin yìí ju orúkọ àti ìṣó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ gan-an, Lúùkù orí kìn-ín-ní. Yorùbá tó bá ka ibẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín músẹ́, kò tíì lọ síbi ìsọmọlórúkọ rí. Èlísábẹ́tì bímọ. Ó di ọjọ́ kẹjọ. (Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni ti obìnrin lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ti ìbejì ni ọjọ́ kẹjọ, àfi ìgbà tí ẹ̀sìn méjèèjì dé ni gbogbo wa wá di ọlọ́jọ́ mẹ́jọ.) Ẹbí àti aládùúgbò pé. Wọ́n ti fi Sakaráyà, orúkọ bàbá, sọ ọmọ nínú ọkàn wọn. Ìyá ní rárá, Jòhánù ni. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹbí wí: kò sí ẹnì kankan nínú ará yín tó ń jẹ́ orúkọ yìí! Mo gbọ́ gbólóhùn yìí láìpẹ́ yìí ní ibi ìkómọ kan, lẹ́nu ìyá ọkọ. Wọ́n yíjú sí bàbá ọmọ. Bàbá yadi, kò lè fọhùn. Ó ní kí wọ́n gbé wàláà wá fún òun, ó kọ ọ́ pé Jòhánù ni orúkọ rẹ̀. Wàláà, ọ̀rọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn ààfáà kí Bíbélì Yorùbá tó wà, òun ni Bíbélì fi ń pe òkúta tí Ọlọ́run kọ òfin sí fún Mósè.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú orí yẹn tí ìtumọ̀ gbé pamọ́ fún wa. Lúùkù ní nígbà tí àwọn aládùúgbò gbọ́ pé Olúwa ti ṣe àánú ńlá fún Èlísábẹ́tì, wọ́n bá a yọ̀. Ẹni tó gbọ́ Hébérù ti gbọ́ orúkọ ọmọ kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ wá ka orin Sakaráyà lẹ́yìn tí ohùn rẹ̀ là. Ó ní Ọlọ́run fẹ́ ṣe àánú fún àwọn baba wa, kó rántí májẹ̀mú rẹ̀, ìbúra tó bú fún Ábúráhámù. Àánú, ìyẹn ni Yohanan. Rántí: Sakaráyà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Olúwa rántí. Ìbúra: Èlísábẹ́tì, Ọlọ́run mi ni ìbúra. Ọmọ, bàbá àti ìyá, bàbá arúgbó to gbogbo ilé rẹ̀ sínú ìlà méjì, bí ìgbà tí onírárà bá ń fi orúkọ ẹbí ki ènìyàn. Gíríìkì ni Lúùkù fi kọ ọ́, ìwúre yẹn kò sì jáde nínú Gíríìkì. Kò jáde nínú Yorùbá náà, àfi téèyàn bá mọ ìtumọ̀ orúkọ.

Àlùkùránì ńkọ́? Ẹ lọ sí Súrà Maryam, súrà kọkàndínlógún. Sakariyau arúgbó, irun orí rẹ̀ ti funfun, ìyàwó rẹ̀ yàgàn, ó ń bẹ Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé yóò bí ọmọkùnrin kan, Yahya ni orúkọ rẹ̀, a kò fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ náà ṣáájú rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ tí kò sí nínú ẹbí tún padà wá, ó kàn gba ọ̀nà mìíràn ni. Yahya yìí ni Hausa àti àwa ń pè ní Yahaya.

Báwo ni Yohanan ṣe di Yahya? Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Àwọn Lárúbáwá tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, Yuhanna ni wọ́n ń pè é títí dòní. Àwọn kan ní láyé tí wọ́n ń kọ Lárúbáwá láìfi àmì tótòtó sí i, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ méjèèjì jọra púpọ̀. Àwọn mìíràn ní Yahya ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀. Àwọn Mandaean, ẹlẹ́sìn kékeré kan ní Iraq àti Iran tó gbé Onítẹ̀bọmi yìí gẹ̀gẹ̀, ń lo orúkọ méjèèjì fún un, Yuhana àti Yahia. Nínú etí Lárúbáwá sá, Yahya dún bí ẹni pé “ó wà láàyè,” ìyẹn sì dára fún ọmọ tí arúgbó bí. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní áyà kẹtàlá súrà yẹn, wọ́n ka ohun tí Ọlọ́hun fún Yahya, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì wà níbẹ̀ ni hanan, ìkẹ́ láti ọ̀dọ̀ Wa. Orúkọ yí padà, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìrìn àjò yòókù, màá sáré kọjá níbẹ̀. Gíríìkì kò ní ohùn ọ̀fun tó wà láàárín Yohanan, wọ́n gbé e sọnù. Orúkọ ọkùnrin wọn sì sábà máa ń parí sí s, wọ́n fi s dí i lẹ́nu: Ioannes. Látìnì dá h padà sínú ìwé: Iohannes. Lẹ́tà J kò sí nígbà yẹn, i tí wọ́n fa ìrù rẹ̀ gùn ni. Jámánì ṣì ń pe J yẹn bíi Y, Johannes wọn súnmọ́ ti ilé. Láti ibẹ̀ ni Hans ti jáde, ìrù lásán tí orí ti bọ́ kúrò lára rẹ̀. Faransé ní Jean, Ítálì ní Giovanni, Hungary ní János, Rọ́ṣíà ní Ivan. Spéìnì ní Juan, wọ́n sì dá ohùn ọ̀fun padà, àmọ́ wọ́n fi sí iwájú, níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ireland gba orúkọ yìí lẹ́ẹ̀méjì: Eoin láti ọ̀dọ̀ Látìnì, Seán lọ́wọ́ àwọn Norman tó ń sọ Faransé. Wales ní Evan àti Siôn, ọ̀dọ̀ wọn ni Jones sì ti pọ̀. Ethiopia kò dúró de òyìnbó rárá. Ìjọ wọn ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Yohannes ni wọ́n ń pè é. Yohannes kẹrin jọba níbẹ̀ láti ọdún 1872 sí ọdún 1889. Ní Róòmù, póòpù tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó jẹ́ orúkọ yìí nìkan ni ẹni kẹtàlélógún, tí wọ́n yàn lọ́dún 1958, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí Jòhánù ogún rí. Wọ́n ṣi nọ́ńbà kà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí èdè ṣe ń ṣe orúkọ lójú ayé wa yìí, kó wo Giannis tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Giannis ni Ioannes tí àwọn Gíríìkì òde òní gé kúrú. Yánnis ni wọ́n ń pè é, Y àkọ́kọ́ ti padà sílé. Áténì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1994, ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Adétòkunbọ̀ sì ni orúkọ ẹbí wọn. Gíríìkì kò ní lẹ́tà kan tó ń dún bíi d wa, n àti t ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Fún b, m àti p ni. Fún u, o àti u. Nígbà tí wọ́n wá fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ èyí tí Gíríìkì ti kọ, ó di Antetokounmpo. Adé tó ti òkun bọ̀ tún gba òkun lọ, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé, wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe Yohanan. Orúkọ méjì ni ọkùnrin yẹn ń jẹ́, ọ̀kan láti Jerúsálẹ́mù, ọ̀kan láti ilẹ̀ wa, ojú méjèèjì sì ti yí padà.

Àwa náà ṣe tiwa. Àwọn tó tú Bíbélì tó jáde tán lọ́dún 1884 kò mú John. Jòhánù wọn súnmọ́ Johannes. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáńtì parí ọ̀rọ̀, a sì fi ù dí i lẹ́nu bí Gíríìkì ṣe fi s dí i. Jọ́ọ̀nù ti ìgboro ló wá láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì. Ní Èkó, àwọn Àgùdà ti mú èkẹta dé láti Bàhíà: João, bíi João Esan da Rocha, bàbá Candido da Rocha onílé omi ní Kakawa. Ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, bó bá di alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Okúdù, tí í ṣe ọjọ́ São João, iná ni wọ́n máa ń dá sí ìta gbangba, ọ̀pọ̀ àwọn olórìṣà ibẹ̀ sì ti so iná yẹn mọ́ Ṣàngó tipẹ́. Mi ò rò pé Sakaráyà ní ìyẹn lọ́kàn.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn ará gbọ̀ngàn bi mí léèrè. Arákùnrin kan ní ṣé Jonathan kì í ṣe John tí wọ́n fà gùn. Rárá o. Yehonatan ni, natan ni kí a fún ni, Olúwafúnmi nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Jon ti Jonathan kì í fi ní h. Jónà wá yàtọ̀ pátápátá, àdàbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Johnson ni orúkọ ẹbí òun, ṣé òun náà wà níbẹ̀. Mo ní ẹ wà níbẹ̀, mà: ọmọ Jòhánù. Ọ̀pọ̀ Johnson tó wà lọ́dọ̀ wa, àwọn Sàró ló mú un bọ̀ láti Freetown, bíi Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́ tó kọ ìtàn Yorùbá, tí wọ́n bí sí ibẹ̀ lọ́dún 1846. Hébérù lẹ́ẹ̀méjì lorí ọmọ Yorùbá kan.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá bi mí pé ṣé mo sọ fún àwọn àbúrò bàbá mi. Bàbá Jòhánù ti lọ kí n tó mọ̀. Mo lọ bá Bàbá Yahaya ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, Hébérù, Lárúbáwá, wàláà. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n ní, “Ìyá wa kò fìgbà kan pè wá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àjàní ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Àkànní ló ń pè mí.” Wọ́n sì ní kí n bá àwọn wo ẹ̀rọ rédíò àwọn, ó ti ń kùn láti àárọ̀.